Ẹ gbà mí o, àwọn aládùúgbò wa ní Yokohama ò fẹ́ wa

Ìyá Dára
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa kúrò ní Houston wá sí Japan. Ní Houston, ẹni tí o kò mọ̀ rí á kí ọ ní ṣọ́ọ̀bù, á yin gèlè rẹ. Níbí, wọ́n á tẹrí ba díẹ̀, ó tán. Màmá mi pè mí nínú ọkọ̀ ojú irin, mo gbé e, ni gbogbo ojú bá yí sí mi. Mo fi típù sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ, ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá sáré tẹ̀ lé mi dé títì kó lè dá a padà! Gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wa, wọ́n sì kó ìdọ̀tí gbogbo ènìyàn, wọ́n fi tèmi sílẹ̀. Ṣé torí àwọ̀ wa ni? Ṣé ká padà ni?

Bàbá Saitama
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Èmi náà ń gbé ní Japan níbí, ní Saitama. Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn? Ìdọ̀tí ńkọ́, ọjọ́ wo lẹ gbé e síta? Èyí tó ṣeé jó ní ọjọ́ tiẹ̀, ike náà ní tiẹ̀. Ẹ gba kàlẹ́ńdà rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù yín. Mi ò ní kò sí ti àwọ̀ o. Nígbà tí mò ń wá ilé, wọ́n sọ fún mi lójú pé onílé ò fẹ́ àjèjì. Ṣùgbọ́n ti ìdọ̀tí, ọmọ Japan náà ni wọ́n ń ṣe é fún.

Àbíkẹ́ Dallas
Ẹ padà wálé jàre! Àbí kí n sọ òótọ́? Àwọn aládùúgbò mi níbí ń rẹ́rìn-ín sí mi lójoojúmọ́, wọn ò mọ orúkọ mi. Koríko iwájú ilé mi ga díẹ̀, ẹgbẹ́ onílé bu owó ìtanràn lé mi.

Adé Ògbómọ̀ṣọ́
Ta ló bèèrè koríko?

Ìyá Dára
Mo di ìdọ̀tí mi dáadáa, nínú àpò dúdú tó nípọn tí mo kó wá láti Houston.

Bàbá Saitama
Àpò dúdú kẹ̀! Èyí tí wọ́n lè rí inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà ní Yokohama. Nígbà tí ẹ kó dé, ṣé ẹ mú ẹ̀bùn kékeré lọ kí àwọn tó yí yín ká?

Ìyá Dára
Èmi àlejò? Ní Houston, obìnrin òdìkejì títì ló gbé kéèkì wá kí wa. Àwọn ló yẹ kó wá.

Bàbá Saitama
Níbí, ẹni tó dé ló ń lọ kí wọn. Ẹ ò sì tíì sọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn.

Ìyá Dára
Dára fi fóònù túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ariwo òru ni. Ariwo wo? Àdúrà lásán! Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston ń pàdé lórí Zoom ní aago 12 ọ̀sán, ó sì ń bọ́ sí aago 2 òru níbí. Mo kàn ń pàtẹ́wọ́ díẹ̀ ni. Ilé onípákó ni, wọ́n ti wá sọ ọ́ di nǹkan ńlá.

Àbíkẹ́ Dallas
Háà! Aago 2 òru! Mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà o.

Bàbá Saitama
Ta ló wà nísàlẹ̀ yín?

Ìyá Dára
Bàbá àgbà kan. Kì í kí ènìyàn.

Adé Ògbómọ̀ṣọ́
Ṣé ẹ jẹ́ kó sùn ni, tí á fi jí kí yín? Hánà gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Ìyá Àánú
Bátíméù tó kígbe ńkọ́? Ẹ má pa iná àdúrà obìnrin yìí!

Adé Ògbómọ̀ṣọ́
Bátíméù jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí lórí àjà ẹnikẹ́ni.

Ìyá Dára
Ẹ má torí mi jà. Bàbá Saitama, ẹ̀bùn tí ẹ sọ yẹn, aṣọ ìnura ni kí n rà ni àbí ọṣẹ?

Bàbá Saitama
Ọṣẹ ìfọṣọ dáa. Ẹ má lọ lálẹ́ jù. Bàbá ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ sì mú Dára dání, kó bá yín fi fóònù túmọ̀. Ti Zoom yẹn, ẹ ki ẹ̀rọ bọ etí, kí ẹ sì má pàtẹ́wọ́.

Ìyá Dára
Ti ọṣẹ, mo gbà.