App géèmù ò ṣí lórí kọ̀ǹpútà mi, á yí bírí á tún pa ara ẹ̀, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kó jọ̀ọ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lu nǹkan yìí ní gbàǹjo. Desktop tòkunbọ̀ ni, Core i5, RAM 8GB, Windows 10, wọ́n bá mi fi graphics card kékeré kan, káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù sójú, sí i nígbà tí mo rà á. Kì í ṣe géèmù kan pàtó ni ò ṣí o, app tí gbogbo géèmù mi wà nínú ẹ̀ ni, èyí téèyàn máa kọ́kọ́ wọ̀ kó tó lè gbá ohunkóhun. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan róbótó yẹn á yí, àpótí dúdú kan á yọjú, á ní òun ń ṣe update, tó bá yá á ní òun ò rí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì pa ara ẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì wà o! Hotspot fóònù mi ni mo so mọ́ ọn, WhatsApp ń wọlé lórí fóònù yẹn gan-an, àbúrò mi sì ń fi hotspot kan náà wo fídíò lórí tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé sí mi létí.

Mo ti yọ app yẹn kúrò mo tún dáńlóòdù ẹ̀ padà, dátà mi ló kàn ń jẹ. Mo pa antivirus, kò sí ìyàtọ̀. Mo tẹ "Run as administrator", ó bi mí ní Yes àbí No, mo ní Yes, ó tún pa ara ẹ̀.

Nǹkan yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ o. Tiransifọ́mà àdúgbò wa ló bàjẹ́, a wà nínú òkùnkùn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó wá tún un ṣe, jẹnẹrétọ̀ wa kékeré ò sì lè gbé desktop pẹ̀lú fíríìjì pọ̀, màmá mi ní ẹran òun ò ní bàjẹ́ torí géèmù, ni mo bá yọ ọ́ kúrò lára iná mo gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí iná dé tí mo tún tàn án ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò ní iná tó dé lójijì ló jó nǹkan nínú ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Chrome náà ò kúkú fẹ́ ṣí àwọn ibì kan mọ́, á ní connection mi ò private, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo rò pé ó fa ìyẹn.

Ọba_Géèmù_Yábàá:
Fọ́máàtì ẹ̀ jàre, fi Windows tuntun sí i. Tàbí kó o lọ ra console bíi tàwọn ọmọ gidi 😂

Ẹ̀gbọ́n_Ọbáléńdé:
Ó lè jẹ́ iná yẹn lóòótọ́ o, iná tó bá dé lẹ́yìn tí tiransifọ́mà bàjẹ́ kì í sábà fara balẹ̀, ó ti ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́ níbí rí. Ṣé ẹ ní sitabiláísà àbí inú ògiri lẹ ki i sí tààrà?

Tẹkinísànì_Ọtígbà:
Ẹ má fọ́máàtì nǹkan kan o. Ìṣòro kékeré dé, fọ́máàtì, bí ẹni ń wó ilé torí pé kọ́kọ́rọ́ há sí ilẹ̀kùn. Gbogbo ìwé àti fọ́tò tó wà lórí ẹ̀ á lọ, bẹ́ ẹ bá sì parí ohun kan náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọbáléńdé, mo gbọ́ yín, àmọ́ iná kọ́ lèyí. Tí iná bá ba desktop jẹ́, power supply, àpótí tó ń pín iná fún un, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, kọ̀ǹpútà yẹn ò sì ní tàn rárá, tàbí kó máa kú láàárín iṣẹ́. Kò ní fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ kó wá máa bá app kan ṣoṣo jà.

Ọmọ Sùúrùlérè, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi kádìí nílẹ̀ yẹn, ti Chrome, ibẹ̀ gan-an ni mo ń wò. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí aago wà. Ọdún wo ló kọ síbẹ̀? Ẹ tún sọ fún wa, tẹ́ ẹ bá tàn án, ṣé ó máa ń kọ nǹkan sójú kí Windows tó wọlé?

Ọmọ_Sùúrùlérè:
Yéè! 2013 ló kọ o ọ̀gá, January 1. Bẹ́ẹ̀ ni, tí mo bá tàn án á kọ òyìnbó funfun sórí dúdú, ohun kan nípa date àti time, á ní kí n tẹ F1, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ náà ni, ó sì máa ń wọlé. Àmọ́ ọ̀gá, kí ni aago fẹ́ fi géèmù ṣe?

Tẹkinísànì_Ọtígbà:
Ohun ńlá ló ń fi ṣe. Ẹ jẹ́ n là á yé yín díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kà á dáadáa, torí èyí tí wọ́n ń gbé wá bá wa pẹ̀lú irú ẹjọ́ yìí kò kéré.

Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó kan wà lára motherboard ọ̀pọ̀ desktop, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ so mọ́, CR2032 lorúkọ bátìrì yẹn, volt 3 ni. Òun ló ń bá aago kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná kankan. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lára iná, kódà kẹ́ ẹ ti pa á, iná díẹ̀ ṣì ń wọ inú motherboard, bátìrì yẹn á kàn jókòó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ pátápátá ni bátìrì nìkan ń dá gbé ẹrù. Tòkunbọ̀ sì ni tiyín, ọdún tí bátìrì yẹn ti wà nínú ẹ̀ ní ìlú òyìnbó ká tó gbé e gba Àpápá wọlé, ta ló mọ̀? Ó ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀, iná tó ń wọlé ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti kú, aago bá padà sí ọdún tí wọ́n kọ sínú BIOS, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé. Àkọlé F1 yẹn, òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lórí HP ẹ máa rí "163-Time & Date Not Set", àwọn míì á kọ ọ́ lọ́nà tiwọn.

Ó kan app báyìí. Gbogbo app tàbí síàìtì tó ń lo https, ìyẹn ọ̀nà ààbò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó bá kọ̀ǹpútà yín sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí hàn pé òun gan-an nìyí kì í ṣe gbájúẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ní September 2020 ni wọ́n ní èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fúnni kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 398 lọ, ìyẹn ni pé kò sí ìkankan nínú èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tí wọ́n ti ṣe ní 2013. Kọ̀ǹpútà yín gba ìwé, ó wo aago ara ẹ̀, ó rí i pé ìwé náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó bá kọ̀ ọ́. Chrome ní tiẹ̀ á sọ ọ́ síta pé connection ò private. App géèmù yín ò láhọ́n báyẹn, ó kàn mọ̀ pé òun ò rí ilé òun bá sọ̀rọ̀, ó bá ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù yín kò ní ìṣòro torí pé ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti ń gba aago.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ lọ sí Settings, Time & Language, Date & time. Ẹ rí i pé time zone wà ní "(UTC+01:00) West Central Africa". Ẹ pa "Set time automatically", ẹ fọwọ́ ara yín tún ọjọ́ àti aago ṣe, ẹ wá tàn án padà kẹ́ ẹ tẹ "Sync now". Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣí app.

Ìyá_Ìbejì_Gamer:
Ọ̀gá Ọtígbà ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ kékeré ni tèmi. Àwọn kan máa bi yín pé kí ló dé tí Windows ò fúnra ẹ̀ tún aago ṣe nígbà tó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì wà. Tí àṣìṣe bá jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ó máa ṣe é, àmọ́ tó bá ti jẹ́ ọdún lórí ọdún, ó máa ń bẹ̀rù láti fò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ tún un ṣe.

Èkejì, lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, tí bátìrì yẹn bá kú, kì í ṣe aago nìkan ló ń bá a lọ, gbogbo ètò BIOS lè padà sí bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi emulator, app tó ń ṣe bíi fóònù, gbá géèmù Android lórí kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó kọ̀ láti ṣí tàbí ó ń wọ́ bí ìgbín lẹ́yìn tí bátìrì kú, ẹ wọ BIOS kẹ́ ẹ wò ó bóyá Virtualization, ètò tí emulator ń lò, ti pa. Ṣùgbọ́n o, ohun tẹ́ ò bá mọ̀ níbẹ̀ ẹ má fọwọ́ kàn án, pàápàá ibi tí wọ́n kọ SATA sí, ìyẹn ètò hard disk, tẹ́ ẹ bá yí ìyẹn padà, Windows lè kọ̀ láti wọlé.

Ọmọ_Sùúrùlérè:
Ọ̀gá!!! Ó ti ṣí!!! Mo tún aago ṣe tán mo tẹ̀ ẹ́, update bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Chrome náà ti ń ṣí gbogbo nǹkan. Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù kún yín. Àbúrò mi ní òun ló kọ́kọ́ sọ pé aago ò dáa, irọ́ ni.

Àmọ́ ṣé tí wọ́n bá tún mú iná lọ, 2013 náà ni màá tún padà sí? Ìkẹjà tí ọjà kọ̀ǹpútà wà sì jìnnà sí mi, mi ò fẹ́ wọ hólúdú torí bátìrì.

Àjàgbé_Ajégúnlẹ̀:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ o. Tèmi ò jọ tiyín, aago tèmi pé. Géèmù tèmi ló ń sọ pé "VCRUNTIME140.dll was not found", mo rí síàìtì kan tó ní kí n dáńlóòdù fáìlì yẹn nìkan kí n jù ú sínú System32, fódà Windows fúnra ẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?

Ìyá_Ìbejì_Gamer:
Rárá o! Àbúrò, fáìlì téèyàn ò mọ ẹni tó ṣe é, o fẹ́ kó o sínú System32? Irú síàìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kó kòkòrò sí kọ̀ǹpútà èèyàn. Ohun tí géèmù yẹn ń wá ni Visual C++ Redistributable, àkójọ tí fáìlì yẹn wà nínú ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wá a lórí síàìtì Microsoft gan-an. Méjì ló máa wúlò fún ẹ níbẹ̀, x86 tó wà fún 32-bit àti x64 tó wà fún 64-bit, fi méjèèjì sí i, kódà bí Windows rẹ bá jẹ́ 64-bit, torí géèmù míì ṣì ń lo x86. Tún kọ̀ǹpútà tàn kó o tó dán an wò.

Ọba_Géèmù_Yábàá:
Windows 7 ni bọ̀ọ̀sì mi ń lò níbi iṣẹ́, Steam, app tí mo fi ń gbá géèmù, ò ṣí lórí ẹ̀, ṣé aago náà ni?

Tẹkinísànì_Ọtígbà:
Ìyẹn kì í ṣe aago. Láti January 1, 2024 ni Steam ti jáwọ́ nínú Windows 7, 8 àti 8.1, Windows tuntun ló kù síbẹ̀. Bí o bá fẹ́ fọ́máàtì nǹkan kan, ìyẹn ni kó o fọ́máàtì, àmọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀sì kó o tó ṣe é o.

Ọmọ Sùúrùlérè, bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ò bá pààrọ̀ bátìrì yẹn, ìgbà yòówù kí iná kúrò lára ẹ̀ lẹ máa padà sí 2013. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ wá sí Ìkẹjà. Àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe máa ń tà á, àwọn tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà ní in, torí òun ló wà nínú rìmóòtù mọ́tò púpọ̀. Ẹ sáà wo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: CR2032 ni kó kọ, kó má jẹ́ CR2025. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n láti ọ̀kánkán, CR2025 kàn fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ẹni tó bá fẹ́ tà á kíákíá á ní ọ̀kan náà ni, á sì máa mì nínú ihò ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ yọ wáyà iná kúrò pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀ tán, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀, ẹ wá fi èékánná ti irin kékeré tó di bátìrì mú. Ojú tó ní àmì + ló máa wo òkè. Tí graphics card bá bo bátìrì mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú card yẹn jẹ́jẹ́, ẹ má fi agbára yọ bátìrì lábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ_Sùúrùlérè:
Abẹ́ card gan-an ló wà ọ̀gá, mo ń wò ó báyìí. Màá rà á lọ́la nígbà tí mo bá ń bọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba. Update ti dé ìdajì, mo ti bẹ màmá mi kí wọ́n má tíì tan áyọ́ọ̀nù.