“Àwòrán àìṣá”: ẹ̀hónú mi lórí “àì-”

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe àwòrán tí a fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n yíǹkì tẹ̀, tí a sì dáàbò bò, ní “àwòrán àìṣá”. Mo kí yín fún akitiyan yín, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i. “Ṣá” tí ẹ lò dára, ó sì péye ju “pàwọ̀dà” lọ, nítorí ohun tó pàwọ̀dà lè túbọ̀ rẹwà sí i. “Àì-” ni mo ń bá jà. Àìlọ ni pé olúwarẹ̀ kò lọ rárá. Àìsùn ni pé kò fojú ba oorun. Bí ẹ bá wá ní àìṣá, ìlérí tí kò sí bébà tàbí yíǹkì tó lè mú un ṣẹ lẹ ṣe yẹn.

Yíǹkì aláró, tí àwọ̀ rẹ̀ yòrò pátápátá sínú omi, máa ń tàn yanran, ṣùgbọ́n kíá ni ìmọ́lẹ̀ àti gáàsì ozone inú afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́. Lórí bébà tí ojú rẹ̀ ní ihò tíntìntín, tí yíǹkì fi ń tètè gbẹ, afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé bá aró náà. Búlúù rẹ̀ sì lè kọ́kọ́ lọ, tí ojú ẹni inú àwòrán yóò fi wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Yíǹkì tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ hóró lẹ́búlẹ́bú tí kì í yòrò ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ òun náà ń ṣá. Dígí tó ń dá ìtànṣán ultraviolet, èyí tí ojú kì í rí, dúró kò lè ṣe ju kó dín ìpalára kù, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà ń jẹ àwọ̀.

Nítorí náà, “aṣòroóṣá” ni mo fi lélẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní “aṣòroíṣá” ló tọ́. Àrànmọ́ lásán ni “ó” yẹn, ìyẹn ni pé “í” ló fara jọ “o” tó ṣáájú rẹ̀, bí àwọn àgbà tó kọ́ wa ní gírámà ti máa ń pè é ketekete, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí “ṣá”, torí “ṣà” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ka “aṣòroóṣá” lára àpò àwòrán yóò mọ̀ pé ó ṣì yẹ kí òun tọ́jú rẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn, tí kò sì lọ́rinrin.