Adápinnu àbí àdápinnu: ohùn orí "a" yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀ èdè. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ látọjọ́ yìí láì dá sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti gbóríyìn fún "ohun ìjà adápinnu", tí ẹnì kẹrin sì ní ká tètè gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n máa lò ó, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa kan ló ń wá orúkọ fún àwọn ohun ìjà tí kọ̀ǹpútà wà nínú wọn, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbéra báyìí, àwọn fúnra wọn ló máa wá ẹni tàbí ohun tí wọ́n máa kọlù, kò tún sí ẹni tó máa tẹ bọ́tìnì mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní "adápinnu" ló bá a mu torí a ti ní "adáṣiṣẹ́" tẹ́lẹ̀. Àbúrò kan fèsì, ó kọ "àdápinnu". Ẹlòmíì wá kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i, ó ní kí kálukú pè é bó bá ṣe wù ú, pé àmì orí ọ̀rọ̀ ò ní dí ìbọn lọ́wọ́ kó má yìn.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gún mi lára jù. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Apẹja, adájọ́, akọ̀wé, apànìyàn: ẹni tó wà nínú a yẹn, òun ló ṣe é, ọrùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àkọsílẹ̀, àtọwọ́dá, àfipamọ́, àgbékalẹ̀: ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ẹlòmíràn ló fi ọwọ́ dá a, ohun tó wà níwájú wa kàn jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ni. Ohùn kan ṣoṣo ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Tí ẹ bá wá pe irin ní adápinnu, ẹ ti gbé ọ̀ràn lé irin lórí. Ọjọ́ tó bá pa ọmọ ọlọ́mọ, àwíjàre ti wà nílẹ̀: adápinnu ló dá pinnu. Ọ̀gágun tó rán an kò sí níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó tà á kò sí níbẹ̀, ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohùn àárín kan ṣoṣo la fi wẹ gbogbo wọn mọ́, ẹ wá ní kò ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó mú abẹ àti asẹ́ wá láti fi hàn pé a olóhùn àárín lè jẹ́ orúkọ ohun èlò lásán kò parọ́. Ohun èlò ni méjèèjì lóòótọ́, a olóhùn àárín ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà lẹ́yìn a náà. Bẹ, sẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó máa dojú kọ abẹ kó bi í pé kí ló dé. Pinnu kì í bá wọn ṣẹgbẹ́. Ẹni tó bá pinnu, a lè bi í nídìí, ó lè dáhùn, ó lè ní òun ṣì í, ó lè yí i padà kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ayárabíàṣá tí à ń pe kọ̀ǹpútà náà, tí ẹ fi ń ṣe ẹ̀rí, yára ló wà nínú rẹ̀, bó ṣe ń ṣe ló ń sọ, kò di ẹ̀bi kankan rù ú. (Mi ò fẹ́ràn ayárabíàṣá, torí ó sọ̀rọ̀ eré láì sọ̀rọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.)

Ẹnì kan bi mí níjọ́sí pé ta ló yàn mí ṣe adájọ́ àmì ohùn. Kò sẹ́ni tó yàn mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, bàbá tó sì kọ́ mi níṣẹ́ yẹn ti lọ sinmi. Tí mo bá gbé ojú ewé tí kò lámì lọ bá a, kò ní kà á. Á ní kí n kà á sókè fún òun, tí mo bá kà á tán, á bi mí pé báwo lo ṣe mọ̀ pé ohun tí ẹni yẹn fẹ́ sọ nìyẹn? Mi ò rí èsì fọ̀ rí. Àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ, tí wọ́n bá sì wà níbí lónìí, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sá tọ̀ náà, ohun kan náà ló ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà, ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn obìnrin kan wà ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣírò ibi tí ọta àgbá máa balẹ̀ sí fún àwọn ológun, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ọta lè gbà ń gbà wọ́n ní wákàtí púpọ̀. Kọ̀ǹpútà ni orúkọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ológun ló sanwó kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìṣirò kan tó ń jẹ́ ENIAC kí ìṣirò yẹn lè yá, 6 nínú àwọn obìnrin náà ni wọ́n sì yàn láti máa to iṣẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n fi ENIAC han aráyé lọ́dún 1946, gbogbo ojú ló wà lára ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó fi àwọn obìnrin yẹn han àlejò. Orúkọ bọ́ lára ènìyàn, ó bọ́ sára irin, ènìyàn sì rá mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rántí wọn. Ẹ̀rù irú èyí ló ń bà mí, tiwa ló sì máa burú jù torí ti ìṣirò nìyẹn, ti ẹ̀mí ni èyí.

Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa fara balẹ̀ ka ìtàn kan yìí. Ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991, nígbà Ogun Gulf, Dhahran ní Saudi Arabia. Ẹ̀rọ Patriot ti Amẹ́ríkà ló yẹ kó yin mísáìlì Scud tó ń bọ̀ láti Iraq bọ́ lójú òfurufú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni aago inú rẹ̀ fi ń kà. Kọ̀ǹpútà sì rèé, 0 àti 1 nìkan ló mọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì ṣeé kọ tán pẹ̀lú 0 àti 1, gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣe ṣeé kọ tán tí a bá ń kọ 0.333 lọ. Àyè 24 péré ni wọ́n fún un láti kọ àwọn 0 àti 1 yẹn sí, wọ́n gé ìyókù dà nù. Ohun tí wọ́n gé kéré débi pé kò sẹ́ni tó máa kà á sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 100 láì tíì pa á, gbogbo kékeré yẹn sì ti gbára jọ di ìdá 0.34 ìṣẹ́jú àáyá. Scud á ti rìn ju ààbọ̀ kìlómítà lọ láàárín ìyẹn. Patriot wo ibòmíràn, kò rí nǹkan kan, kò yìn. Sọ́jà Amẹ́ríkà 28 ló kú.

Ibi tó kan àwa onímọ̀ èdè rèé o. Wọ́n ti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú pé tó bá ṣiṣẹ́ fún ìgbà tó pẹ́ gan-an, ojú rẹ̀ lè ṣìnà. Pẹ́ gan-an. Wákàtí mélòó ló ń jẹ́ pẹ́ gan-an? Wọn ò sọ. Àwọn sọ́jà rò pé ti àwọn ò tíì pẹ́. Àtúnṣe kóòdù náà dé Dhahran ní ọjọ́ 26, òkú ti sùn. Ẹ wá sọ fún mi nísinsìnyí, ta ló pinnu níbẹ̀ yẹn? Ẹni tó gé nọ́ńbà ni, ọdún púpọ̀ ṣáájú, àti ẹni tó kọ "pẹ́ gan-an" nígbà tó yẹ kó kọ iye. Ìpinnu ti wà nínú irin yẹn tipẹ́ kí Scud tó gbéra.

Ìdí tí mo fi ń dábàá "ohun ìjà àpinnusílẹ̀" nìyẹn. À- olóhùn ìsàlẹ̀, kí sílẹ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀ bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa bi pé ta ló pinnu ẹ̀ sílẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa fà.

Àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ta kò mí, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí kì í ṣe ti 1991, pé dátà ni wọ́n ń kó fún wọn, tí àwọn fúnra wọn á sì yọ ìlànà jáde nínú rẹ̀, pé kò sí ẹnikẹ́ni tó jókòó tó kọ ìlànà yẹn sílẹ̀, ẹni tó ṣe é gan-an lè má lè sọ ìdí tó fi mú ti ọ̀tún tó fi ti òsì sílẹ̀. Mo gbà pé "sílẹ̀" tèmi ò dúró dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló yan dátà, ènìyàn ló sọ pé tó bá ti dá a lójú tó báyìí kó yìn. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju àpinnusílẹ̀ lọ, ẹ mú un wá, kó ṣáà má ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a ẹni. Ní Geneva pàápàá, láti ọdún 2014 tí àwọn ìjọba ti ń pàdé lórí irú ohun ìjà yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí ṣáá, torí bí o bá ṣe pè é náà ni òfin á ṣe dì í mú.

Ẹ̀gbọ́n kan tún sọ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló bí gbogbo ìparun yìí. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọ̀rọ̀ "ìjìnlẹ̀" ló ń tàn wá, ó ń mú ká rò pé sáyẹ́ǹsì jẹ́ ohun tó fara pamọ́ sísàlẹ̀, tí àwọn kan ṣoṣo mọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Hahn àti Strassmann, rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí uranium ní ìparí ọdún 1938, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, Meitner àti Frisch, ṣàlàyé pé ńṣe ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ pín sí méjì, gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àwọn ẹlòmíì ti tún un ṣe wò lórílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ní òótọ́ ni. Ìyẹn ni sáyẹ́ǹsì: ẹ wá wò ó, bí mo bá ṣì í ẹ sọ. Èyí tí wọ́n wá bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, iṣẹ́ ìjọba àti ológun nìyẹn, ènìyàn sì lè kọ̀ ọ́. Rotblat, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń bá wọn ṣe bọ́ǹbù náà, kọ̀ ọ́, ó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1944.

Petrov, ọ̀gá sọ́jà Soviet kan, tilẹ̀ ni mo fi ń ronú jù. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà tó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì wọn sọ pé Amẹ́ríkà ti yin mísáìlì kan, ó tún di márùn-ún, ó sì dá ẹ̀rọ náà lójú hán-ún. Petrov ní márùn-ún kéré jù láti fi bẹ̀rẹ̀ irú ogun bẹ́ẹ̀, sátẹ́láìtì náà tuntun ni, ó ní irọ́ ni. Ìtànṣán oòrùn lórí ìkùukùu ni wọ́n padà rí i pé ó jẹ́. Ẹni tó dá pinnu nìyẹn o. Tí adápinnu bá wà, orúkọ tirẹ̀ ni, kí la ó wá máa pè é tí a bá ti fi ta irin lọ́rẹ?

Ó ku ẹni tó ní "inú" wà nínú pinnu, pé ohun tí kò bá nínú kò lè pinnu. Mo fẹ́ràn ibi tó ń lọ, ó tiẹ̀ ń gbè mí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohùn òkè ló wà lórí nú inú, ohùn àárín ló wà lórí nu pinnu, níbo ni òkè yẹn gbà lọ? Tó bá ní ẹ̀rí kó mú un wá, mi ò ní gbà á nítorí pé ó bá mi mu.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ adapinnu láìlámì, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Èwo lẹ ní lọ́kàn?