Mo ń wá bàbá-ńlá wa, n kò rí i nínú ìwé kankan

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, n kò sì mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bàbá-ńlá wa, ẹni tí ó bí bàbá bàbá mi, nínú àwọn ìwé àtijọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ayé rí. Sàró ni wá, ìran àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì padà wá láti Sierra Leone. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé láti Freetown ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, orúkọ òyìnbó tí à ń jẹ́ títí di òní sì jẹ́rìí sí i. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, nítorí pé àwọn ẹbí mi kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Mo san owó fún ọkùnrin kan tí ó ní òun mọ bí a ṣe ń wá ìran ènìyàn, ó sì fi ìtàn ìdílé àwọn òyìnbó kan tí a jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nínú òjò, táyà fọ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí mo sì máa fi dé ọ̀hún, ẹni tí ó yẹ kí ó bá mi gbé fáìlì jáde ti lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó yẹ kí ó ràn mí lọ́wọ́ kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé ẹbí ni. Ó ní òkú kì í bá ènìyàn san owó ilé, ó sì bú aṣọ tí mo wọ̀ mọ́ ọn. Mo ti wo àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ní Freetown lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ orúkọ ìdílé wa sí i ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kò mú nǹkan kan jáde. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù.

Ìyá Onísùúrù:
Ọmọ mi, ní sùúrù. Ṣé o rí owó tí o kó fún alájèjì yẹn, ìwọ ni o fi ọwọ́ ara rẹ fà á. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àgbà. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi ń wá ìdí tiwọn, ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀wé rárá ni ó jókòó tí ó ka ìran márùn-ún sílẹ̀ láìmu omi. Ó ti kú báyìí, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí wọ́n lọ sí yunifásítì.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Padà sí Ìbàdàn. Ilé-ìpamọ́-ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, lọ́wọ́, èyí tí ó kù sì wà ní Yunifásítì Birmingham. Kò sí Sàró tí kò ní orúkọ níbẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn:
Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbá kọjá ààlà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú ti Freetown ná. Ìwé tí àwọn akọ̀wé ń kọ nígbà tí wọ́n bá kó àwọn ènìyàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì mú, orúkọ àbísọ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, bí etí òyìnbó bá ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí tí wọ́n fojú bù, bí ẹni náà ṣe ga tó, àti ilà tàbí àpá tí ó wà lára rẹ̀. Orúkọ tí ó wà nínú àkójọ tí àbúrò wa ń sọ yìí lé ní 91,000, kò sì sí orúkọ ìdílé òyìnbó tí ẹnikẹ́ni lè fi wá ara ilé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: wọ́n mú un ní Òṣogùn ní ọdún 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó ṣe ìríbọmi ní 1825 ni ó tó di Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń wá Crowther nínú ìwé ọdún 1822 yóò wá a tì.

Nítorí náà, àbúrò, ohun tí o kò sọ ni a nílò. Ọdún wo ni bàbá náà kú? Ibo ni wọ́n sin ín sí? Ìjọ wo ni ó ń lọ? Oríkì wo ni wọ́n fi ń kì yín nílé?

Ará Peckham:
Èmi ṣe àyẹ̀wò DNA níbí. Ó mú ìbátan jáde fún mi ní Bahia ní Brazil àti ní Amẹ́ríkà, a sì ń kí ara wa lọ́jọ́ Kérésìmesì, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ ibi tí okùn náà ti so pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ọkọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Màmá, n kò kó owó fún un láìbèèrè. Ẹni tí mo fọkàn tán ni ó júwe rẹ̀ fún mi. Ará Peckham, mo ti ronú lórí àyẹ̀wò yẹn, owó rẹ̀ ni kò tíì sí lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé n kò ṣiṣẹ́ tó, mo ti ka ìwé tí ó pọ̀ lórí Sàró.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Mo tún sọ ọ́, lọ sí Ìbàdàn. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o lọ.

Olùkọ́ Ìtàn:
O kò dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nínú mẹ́rin.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ má bínú, sà. Òkúta ibojì rẹ̀ sọ pé ọdún 1921 ni ó kú, ó sì tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní ìhà àwọn Kátólíìkì ni wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan, ìdílé míràn a máa yí ìjọ padà. Ní ti oríkì, ìyá àgbà a máa kì wá ní "ọmọ Olófà mọjọ̀".

Olùkọ́ Ìtàn:
Ó já mọ́ nǹkan. Ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1861 kò lè sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìbí rẹ̀. Ìwé àwọn òbí rẹ̀ ni ó yẹ kí o máa wá. Èkejì, ọ̀pọ̀ jù lọ Sàró ìgbà náà, Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n.

Àgùdà Pópó:
Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ni ẹ máa ń jẹ nílé yín ní ọjọ́ Ẹtì Rere?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Frejon ni, ẹ̀wà tí a lọ̀ pẹ̀lú àgbọn, àti ẹja díndín. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ń jẹ ẹ́.

Àgùdà Pópó:
Wọ́n ń jẹ ẹ́ nítorí pé àwa ni a bù ú fún wọn. Ibojì Kátólíìkì, frejon lọ́jọ́ Ẹtì Rere: ọmọ Àgùdà ni yín, ìran àwọn tí wọ́n padà dé láti Brazil, ẹ jọ̀wọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀rí wo nìyẹn? Ìyàwó lè gbé frejon wọlé ọkọ. Oríkì náà lè jẹ́ ti ìdílé ìyá àgbà gan-an. Ta ni kò mọ̀ pé obìnrin a máa fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ rẹ ọmọ lẹ́kún?

Ìyá Onísùúrù:
Ọmọ Ẹ̀gbá, àwa obìnrin kì í ki ọmọ ọlọ́mọ ní ìkìkúkì. Bí mo bá ń ki àwọn ọmọ mi, mo mọ ibi tí ti ọkọ mi parí sí àti ibi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn:
Ọmọ Ẹ̀gbá kò sọ òdì. Frejon àti oríkì lè tọ́ka sí ọ̀nà, wọn kò lè dá dúró bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n orúkọ òyìnbó náà kò lè dá dúró bí ẹ̀rí pé Sàró ni wọ́n. Orúkọ a máa wọlé, a sì máa jáde ní Èkó ayé ìgbà náà: David Brown Vincent, aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní ọdún 1894, ó di Mọjọlá Agbebí. Àbúrò, báwo ni orúkọ yín ṣe dé ọ̀dọ̀ yín?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
N kò fẹ́ sọ èyí ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹ ti tì mí dé ògiri. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń bú wa nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ ilé kan tí wọ́n fẹ́ tà. Ìyá tirẹ̀ kọ́ ni ó bí bàbá mi. Ó ní bàbá-ńlá wa kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé tí à ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, pé oníṣòwò Sàró kan ni ó gbà á tọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀ nígbà tí ó fi sí ilé-ìwé. Irọ́ ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí, nítorí ẹnu ọ̀tá ni ó ti jáde.

Ohun kan tún wà. Ìwé kan wà nínú àpótí ìyá àgbà tí ó ti ń já, tí èdìdì pupa wà lára rẹ̀. Gbogbo wa gbà pé Látìn àwọn fádà ni wọ́n fi kọ ọ́, ni mo ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí Àgùdà Pópó sọ̀rọ̀ ni mo lọ tún un wò. Mo rí "Bahia", mo rí "liberto", mo rí "nagô", ọdún rẹ̀ sì ni 1857. Orúkọ ìríbọmi ẹni tí ó ni ín bá ti bàbá-ńlá wa mu, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe tiwa.

Àgùdà Pópó:
Jésù! Ìwé ìrìnnà ni ìyẹn, àbúrò mi! Potogí ni, kì í ṣe Látìn. "Liberto" ni ẹni tí ó ti gba òmìnira, "nagô" sì ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Bahia. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador, olú-ìlú Bahia, ní oṣù kìíní ọdún 1835, wọ́n ni àwọn tí wọ́n ti gba òmìnira lára gan-an, ọ̀pọ̀ wọn sì gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wọ ọkọ̀ padà wá sílé. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ni ín jẹ́ bàbá ọkùnrin tí ẹ ń wá.

Ará Peckham:
Ẹ má fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lásán. Wọ́n ti sun gbogbo ìwé ẹrú ní Brazil. Rui Barbosa ni ó pàṣẹ rẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn:
Ó pàṣẹ rẹ̀ ní tòótọ́, ní ọdún 1890, nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà lábẹ́ iṣẹ́ ìnáwó ni àṣẹ náà dojú kọ. Ìwé ìríbọmi ṣọ́ọ̀ṣì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ti ọlọ́pàá pẹ̀lú ṣẹ́kù: ìwé ìrìnnà wà ní ilé-ìpamọ́-ìwé ìpínlẹ̀ Bahia ní Salvador. Àwòrán ọ̀pọ̀ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia sì wà lórí FamilySearch, ìkànnì tí a ti ń wá ìran ẹni, lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ kejì tí ó wà lára ìwé yẹn ni kí o mú lọ́wọ́, nítorí pé orúkọ ìdílé ẹni tí ó ni wọ́n rí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba òmìnira ń jẹ́. Bí o bá rí olówó ẹrú náà, o lè rí ìríbọmi tàbí ìwé òmìnira ẹni tí o ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Èkó níbí, bẹ̀rẹ̀ láti ìwé Kátólíìkì, ṣùgbọ́n má retí ìríbọmi ọdún 1861 níbẹ̀, nítorí pé ọdún 1868 ni àlùfáà tó fi Èkó ṣe ibùgbé.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ṣùgbọ́n bí ó bá dé Ìbàdàn, kò burú.

Ìyá Onísùúrù:
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kò purọ́ nígbà náà. Lọ kí i dáadáa, kí o sì bi í ní orúkọ ẹni tí ó sọ fún un.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Màmá, n kò lè lọ kí i báyìí. Ó ní Sátidé ni òun ń bọ̀ wá gbé àpótí náà lọ sílé òun. Mo ti ya àwòrán iwájú ìwé náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìwé míràn. Àgùdà Pópó, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tí ó lè là á láìya kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì?