Másítà ààbò ìsọfúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ̀yin tó ti ṣe é, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ (Houston)
Èkìtì kete o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni mo kà ní Adó kí n tó kọjá síbí. Báyìí, helpdesk ni mo ń ṣe ní ọsibítù kan: ẹni tó gbàgbé password, ẹni tí printer rẹ̀ kọṣẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Mo fẹ́ bọ́ sí ìdí ààbò ìsọfúnni, mo sì fẹ́ ka másítà kún un. Àmọ́ ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn ọmọ ṣì kéré, kò sí bí mo ṣe lè máa lọ jókòó sí kíláàsì nírọ̀lẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Láti ìgbà tí mo ti wá a lórí Google, ìpolówó ò jẹ́ kí n rímú mí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní oṣù mẹ́sàn-án péré ni mo máa fi gba másítà, òmíràn ń béèrè ohun tó lé ní $40,000. Green card wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n máa wò?

Ìyá Túndé (Manchester)
Àbúrò mi, o káre. Oṣù mẹ́sàn-án kọ́ ló bà mí lẹ́rù, ẹni tó fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́ mọ̀. Ní sùúrù ná, Bàbá Ọ̀yẹ́ ń bọ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Bàbá Ọ̀yẹ́ (Maryland)
Mo ti dé. Ẹ fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ná. Ohun tí mo máa ń bi gbogbo ọmọ wa tó bá pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé: kí lo fẹ́ kí ìwé náà ṣe fún ẹ? Ẹni tó ń wá físà àti ẹni tó ń wá iṣẹ́, ọjà tí wọ́n wá rà ò papọ̀. Ìwọ ti ní green card, ọ̀rọ̀ ibùgbé ti yanjú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ẹ níṣẹ́ láì kó ẹ sí gbèsè lò ń wá.

Kọ́kọ́ wo ẹni tó fọwọ́ sí wọn, bí Ìyá Túndé ṣe wí. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní DAPIP. Ọ̀fẹ́ ni. Tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà síbẹ̀. Bí o kò bá rí i, má bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ní àwọn máa ka ìrírí ayé rẹ sí másítà, pé kó o ṣáà sanwó, ayédèrú ni wọ́n ń tà.

Lẹ́yìn ìyẹn, NSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó ń rí sí ààbò, náà ní àkójọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí, National Centers of Academic Excellence in Cybersecurity. Ibí ni kó o ti la ojú rẹ dáadáa. Yunifásítì máa ń gbé àmì yẹn síwájú ìpolówó, nígbà tó jẹ́ pé ètò ẹ̀kọ́ kan pàtó ni wọ́n yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ B.Sc. wọn ni, kó má jẹ́ másítà tí wọ́n ń tà fún ẹ. Wá orúkọ másítà náà gan-an.

Ní ti owó: Georgia Tech bẹ̀rẹ̀ másítà orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, OMS Cybersecurity, ní oṣù kìíní 2019, gbogbo owó rẹ̀ kò sì tó $10,000 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: Information Security, Policy, àti Cyber-Physical Systems. Èyí àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tí kò bá lè kọ kóòdù yóò jìyà níbẹ̀. Wíwọlé kò le tó jíjáde. WGU (Western Governors University) ní tiwọn, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gbowó, iye kan náà ni, yálà kọ́ọ̀sì méjì lo parí láàárín ìgbà yẹn tàbí o parí méje. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tó sì lè ti ara rẹ̀ láì sí olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á jàǹfààní ibẹ̀, torí àwọn ìdánwò sátífíkéètì CompTIA kan wà nínú owó ọ̀hún. Ti SANS Technology Institute dára gan-an, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ ló ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó lé ní $50,000. Kí ilé iṣẹ́ san ìyẹn, má fi àpò ara rẹ san án.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ (Houston)
Ẹ ṣé sà. Kò tó $10,000 kẹ̀? Ṣé wọn ò ní kọ "online" sára sátífíkéètì ṣá?

Bàbá Ọ̀yẹ́ (Maryland)
Wọn ò kọ ọ́. Master of Science in Cybersecurity ló wà lára rẹ̀. Ibi yòówù kó o wọ̀, béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ nínú email, kì í ṣe lórí fóònù.

Mo tún fẹ́ bi ẹ́, ṣé o ti lọ sọ́dọ̀ HR ọsibítù yín? Òfin orí-owó Amẹ́ríkà gba ilé iṣẹ́ láyè láti san tó $5,250 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́, tí wọn kò sì ní gba owó orí lórí rẹ̀. Ọdún kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tó o ń mú kọ́ọ̀sì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ náà á kan ọdún kàlẹ́ńdà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè má kan àpò rẹ rárá. Ka ìwé àdéhùn wọn o. Òmíràn á ní tó o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan, kó o dá owó padà.

Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n (Calgary)
Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn. Ṣé másítà tiẹ̀ pọn dandan? Àwọn ọmọkùnrin tí mo mọ̀ níbí, Security+, sátífíkéètì CompTIA, ni wọ́n fi wọlé, wọ́n tẹ̀ lé e pẹ̀lú OSCP, sátífíkéètì àwọn tó ń dán ààbò wò, iṣẹ́ ló sì ń wá wọn kiri. Ọmọ Èkìtì ni wá, a fẹ́ràn oyè jù. Tí wọ́n bá ní kí a wá gba PhD nínú bí a ṣe ń tan iná, a ó tò sí ìlà.

Ìyá Túndé (Manchester)
Hàà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹ̀yin náà, oyè mélòó ló wà lára ògiri yín?

Bàbá Ọ̀yẹ́ (Maryland)
Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Ẹfọ̀n. Ẹni tó wà ní helpdesk, Security+ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà, kí másítà tó dé. Kò ná an ní ìdá mẹ́wàá owó másítà, á sì jẹ́ kó mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà wù ú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ibi kan wà tí sátífíkéètì kò ní gbé e kọjá: ipò ọ̀gá, iṣẹ́ ìlànà àti ètò, iṣẹ́ ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè másítà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé másítà á mú CISSP, sátífíkéètì àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, yá. ISC2, àwọn tó ń fúnni ní CISSP, ń béèrè ọdún márùn-ún nídìí iṣẹ́, ó kéré tán nínú ìpín méjì lára mẹ́jọ tí wọ́n ní. Oyè yunifásítì ń yọ ọdún kan péré kúrò. Tó o bá ka másítà lé B.Sc., ọdún kan náà ni. Ẹni tó bá yege láì tíì pé ọdún ọ̀hún, Associate ni wọ́n á máa pè é títí á fi pé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kì í sọ. Níbi tí mo wà yìí, nítòsí Fort Meade tí NSA wà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ààbò ló ń béèrè clearance, ìyẹn àṣẹ láti rí ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ló sì ń rí i gbà. Green card kò tó. Nítorí náà Ìkẹ́rẹ́, bí àwọn tó ń polówó bá ń ka iye owó oṣù àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ fún ẹ, ti lẹ́yìn ìgbà tó o bá di ọmọ ìlú nìyẹn. Ọsibítù, báǹkì, ilé iṣẹ́ epo tó kún Houston yẹn, ibẹ̀ ni kó o dojú kọ.

Ìyá Túndé (Manchester)
Fún àwa tí a wà ní UK, ọ̀dọ̀ NCSC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, ni àkójọ tiwa wà. Royal Holloway ti ń kọ́ MSc Information Security láti 1992, kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó mọ ohun tó ń jẹ́ email. Student Finance England ń yá èèyàn lówó másítà, ó tó £12,858 fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹjọ 2025 sí oṣù keje 2026, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì lè wà nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó o bá ń gbé England. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ Skilled Worker tàbí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fojú sí i lára. Àwọn tó ti gba indefinite leave (àṣẹ láti máa gbé ibí títí lọ), tí wọ́n sì ti gbé ibí tó ọdún mẹ́ta, ni mo ń bá wí. Àkáùǹtì tìrẹ ni wọ́n ń san owó náà sí, wọn kì í san án fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má lọ fi ra ọkọ̀.

Àǹtí Ìlawẹ̀ (London)
Ẹ kú àlàyé. HND ni èmi ní, Poly Adó. Ṣé ọ̀nà wà fún wa?

Ìyá Túndé (Manchester)
Ó wà, Àǹtí. Níbí, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu, ọ̀pọ̀ sì máa ń gba HND pẹ̀lú ìrírí iṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù.

Bàbá Ọ̀yẹ́ (Maryland)
Ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ níbí kì í ka HND sí B.Sc., àfi kẹ́ ẹ ní PGD lé e, nígbà míì wọ́n tún á jiyàn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí WES, àwọn tó ń fi ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wé ti ibí, tàbí irú wọn yẹ ìwé yín wò.

Ọmọ Ìdó (Adó-Èkìtì)
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ilé ni èmi ṣì wà, FUOYE ni mo ti jáde. Tí mo bá ṣe másítà Amẹ́ríkà láti Adó níbí, ṣé ó lè gbé mi débẹ̀?

Bàbá Ọ̀yẹ́ (Maryland)
Má fi owó bàbá rẹ ṣòfò lórí ìrètí yẹn, ọmọ mi. Másítà tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀ kò ní físà nínú. Ẹni tó wà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà fún un ní sáà kan. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ lò ń wá, kó o lè máa bá ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣiṣẹ́ láti ilé, ìyẹn dára. Georgia Tech ń gba ẹni tó wà ní Nàìjíríà. WGU ò gbà á, àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fẹ́. Sá fún ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti oníṣòwò. Tí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ bá ẹ béèrè H-1B, físà iṣẹ́, lọ́jọ́ iwájú, ààyè 20,000 tó wà lọ́tọ̀ fún àwọn tó ní másítà Amẹ́ríkà, kìkì èyí tó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í wá èrè ni wọ́n ń kà síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n (Calgary)
Kánádà náà bẹ́ẹ̀. Tí ohun tó lé ní ìdajì kọ́ọ̀sì bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbàgbé ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá kàwé jáde.

Ìyá Túndé (Manchester)
UK kì í fún ẹni tó ń kàwé láti òkèèrè ní físà akẹ́kọ̀ọ́. Ìdó, wo aago náà kó o tó forúkọ sílẹ̀. Kíláàsì aago mẹ́jọ alẹ́ ní New York, aago kan òru ni l'Ádó, ó sì di aago méjì nígbà òtútù. Wá èyí tí wọ́n ti gba fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò wọn, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ẹ. Iná ò gbọdọ̀ lọ láàárín rẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò gbọdọ̀ já. Inverter ṣáájú skúù fíìsì.

Ọmọ Ìdó (Adó-Èkìtì)
Ẹ ṣé mà. Sólà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ (Houston)
Ó ti yé mi. Security+ lákọ̀ọ́kọ́, mo sì ti kọ̀wé sí HR lówùúrọ̀ yìí. Báwo ni mo ṣe máa mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kíkà lásán ni wọ́n ń kọ́ni?

Bàbá Ọ̀yẹ́ (Maryland)
Béèrè syllabus, má ka ìpolówó. Wo ohun tí wọ́n ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé kí a kọ ojú ewé mẹ́ta, kí a fèsì sí ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ méjì, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kò sí láàbù níbẹ̀. Ẹni tó ka ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń gúnyán kò tíì gbé ọmọ odó. Wá ibi tí wọ́n á ti ní kó o tú malware, kó o ka log, kó o fọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn kọ́ sílẹ̀ kí o fọ́. Tètè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè transcript, ìwé èsì rẹ láti ilé-ẹ̀kọ́ tó o ti jáde ní Adó, torí tààrà láti ilé-ẹ̀kọ́ ni WES máa ń fẹ́ gbà á.

Ọmọ Ìdó (Adó-Èkìtì)
Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́, mo lè bá yín dé ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ yín ní Adó níbí lọ́jọ́ Mọ́ńdé, kí n béèrè transcript náà.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ (Houston)
Ọlọ́run á bù kún ẹ, àbúrò! Orúkọ mi lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, matric number, ọjọ́ ìbí àti password portal mi rèé: [A ti pa ìyókù rẹ́]

Ìyá Túndé (Manchester)
Mo ti pa á rẹ́. Yí password yẹn padà kíákíá. Inbox ni kó o ti bá Ìdó sọ̀rọ̀, kó o má sì fi password ránṣẹ́ níbẹ̀ náà.