Ẹgbẹ́ kékeré tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀pẹ́: ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀

Ọmọ Òkè-Balógun

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àsìkò yìí o. Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn lónìí, kí a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Tí wọ́n bá ti ní àwọn kan fẹ́ kọ́ ará ìlú ní kọ̀ǹpútà, fọ́tò láptọ́ọ̀pù tuntun la máa ń rí, pẹ̀lú àwọn ọlọ́lá tó ń gé ríbọ́n. Ta ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀? Ta ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Ta ló ń jókòó ti ìyá ẹlẹ́ja tí kò mọ̀ ju kó gbé ìpè, kó sì pa ìpè lọ? Ohun tí mo fi ń mọ ẹgbẹ́ tó máa pẹ́ nìyẹn.

Èyí tí mo mọ̀ níbí kò tóbi rárá. Ẹni mẹ́ta ló ń darí rẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; Màmá HM ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí dòní. Bọ̀ọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe lápá Pópó-Ọba ni ìkejì. Àlàájà tó ń ta aṣọ ni ìkẹta, àwọn ni owó wà lọ́wọ́ wọn. Yàrá kan lẹ́yìn ilé kéwú ni wọ́n ń lò. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá mi ló mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Olúwo. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà di àwátì. Àwọn tó ń ti Èkó wá ra ẹja kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, tiransífà ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe. Ẹja ò sì ṣe é gbé padà sílé lójoojúmọ́. Obìnrin kan na fóònù ara rẹ̀ sí ìyá mi pé kí wọ́n wò ó, owó ti lọ. Wọ́n di ẹja fún un, ó wọkọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, owó náà kò dé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ, àfìgbà tí a rí i pé wọn ò lọ sọ́jà mọ́. Ó dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bí Màmá HM ṣe kọ́ àwọn ìyá ọjà, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé olórí gidi ni wọ́n. Wọn ò gbé kọ̀ǹpútà kankan síwájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí oníkálùkù yọ fóònù tó wà lábẹ́ ìró rẹ̀ síta, fóònù kékeré oníná tórṣì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní, láti òní lọ, ẹ má wo fóònù oníbàárà mọ́. Ohun tó wà lójú fóònù ẹni tó fẹ́ sanwó, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù tìrẹ pàápàá lè jẹ́ ayédèrú, torí àwọn gbájúẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ báńkì ránṣẹ́. Kóòdù báńkì rẹ ni kí o tẹ̀, kí o wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ kí ẹja tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Kò gba dátà, fóònù kékeré yẹn lè ṣe é. Kí o tó pàtẹ láàárọ̀, kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí o lè mọ èyí tó wọlé lẹ́yìn náà. Ìgbà tí gbogbo wọn ti mọ ìyẹn ni wọ́n wá kan PIN: ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, ọkọ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, ẹni tó pè tó ní báńkì lòun ti ń pè kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Bí ẹnì kan bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀, Màmá HM kì í bá a tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Tún un tẹ̀, mo wà níbí." Àwọn ọ̀dọ́ tó wá ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kì í ní irú sùúrù yẹn. Wọ́n á já fóònù gbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fàì fàì, ìyá náà á ní "o ṣé, ọmọ mi," á sì délé láìmọ nǹkan kan. Màmá HM dá ọ̀kan nínú wọn dúró nítorí èyí, kó lọ jókòó sẹ́yìn kó máa wòran títí tó fi kọ́ sùúrù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ àgbà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú ń ti àgbà láti béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kejì.

Àlàájà ńkọ́? Bébà kan wà lára ògiri yàrá yẹn, oṣooṣù ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Owó tó wọlé, ẹni tó mú un wá (ẹni tí kò bá fẹ́ ká mọ òun, wọ́n á kọ "ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́"), epo, dátà, àtúnṣe, owó ọkọ̀ àwọn tó ń kọ́ni. Gbogbo ẹni tó wọlé ló lè kà á. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ ó rí i lójú bébà yẹn bí epo ṣe ń jẹ owó àwọn nǹkan yòókù. Ẹnì kan fún wọn lówó, Bọ̀ọ̀dá fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà sí i, Àlàájà ní sólà àti bátìrì ni. Wọ́n fà á gan-an, níwájú wa. Sólà ló borí. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò tíì rí ẹgbẹ́ mìíràn tí àwọn olórí rẹ̀ ń jiyàn owó níwájú àwọn tí wọ́n ń gba owó náà fún.

Ẹ̀yin náà, ẹ wí tiyín.

Tíṣà SS3

Ẹ ṣeun. Èmi fẹ́ sọ ti Bọ̀ọ̀dá, torí àwọn ènìyàn rò pé fóònù nìkan ló mọ̀.

Láti 2015 ni UTME, ìdánwò JAMB fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, kò sí ti bébà mọ́. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: 60 fún Use of English, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Ẹ ṣírò rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí á máa wá ibi tí máòsì gbà lọ, ìṣẹ́jú ń lọ. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa nílé ẹ̀kọ́ mi ti tibẹ̀ sunkún jáde rí.

Bọ̀ọ̀dá ní ká gbàgbé máòsì. JAMB fúnra wọn gbà kí ọmọ fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti padà wọlé bí o bá ṣèèṣì tẹ S. Ó kó àwọn kíbọ́ọ̀dù tó ti kú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, tí kò so mọ́ ohunkóhun, ó lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ bọ́tìnnì mẹ́jọ yẹn, ó pín in fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbé e lọ sílé. Ọmọ ń wo ìwé ìbéèrè àtijọ́, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù òkú lórí itan. Nígbà tí wọ́n bá fi máa jókòó ti kọ̀ǹpútà gidi, ìka wọn ti mọ̀nà. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn ì bá dà sórí ààtàn ni o! Mo ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́.

Màmá HM ló rántí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Láti 2021, kò sí NIN, kò sí fọ́ọ̀mù JAMB. Nígbà tí ọmọ bá ṣì wà ní SS2 ni wọ́n ti ń béèrè pé kó tẹ *346# kó wo nọ́ńbà rẹ̀, kó sì wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ bá ti ìwé ìbí rẹ̀ mu. Ẹni tí tirẹ̀ ṣe ségesège á ti rí àyè tún un ṣe. Àwa olùkọ́ gan-an kì í rántí rẹ̀ títí fọ́ọ̀mù á fi jáde.

Abẹ́ Igi Àgbọn

Gbogbo ohun tí ẹ sọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó kù. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá lọ sìnkú bàbá ìyàwó rẹ̀, gbogbo nǹkan dúró. Òun nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan íńfátà. Àbúrò mi lọ, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹgbẹ́ wo ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Òkè-Balógun

Abẹ́ Igi, ẹ ò parọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí wọn. Ìwé kan ti wà nínú àpótí Àlàájà báyìí, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tan sólà, kókó kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ń sọ, wọ́n ń kọ. Ọ̀kan nínú wọn ló ń darí kíláàsì ọjọ́ Sátidé báyìí.

Àgbọ̀wà Ni Mo Wà

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí iléèwé wa wà kò dára, a sì ti rò pé wọn ò ní lè ṣe nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kalẹ̀. Kolibri ni wọ́n pe ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn Learning Equality ló ṣe é fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Wọ́n ti kó ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì sínú rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́, Wi-Fi inú yàrá yẹn ló ń pín in sórí fóònù àwọn ọmọ, dátà ẹnikẹ́ni kò lọ. Wikipedia náà wà níbẹ̀, wọ́n fi Kiwix, tó ń jẹ́ ká ka ìkànnì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé e sórí rẹ̀.

Ohun tí mo mọrírì jù ni pé Màmá HM kọ́kọ́ wá láìmú ẹ̀rọ dání. Wọ́n jókòó ti àwọn olùkọ́ wa, wọ́n béèrè ibi tó ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìdá ni a dáhùn, ti ìṣirò. Ìdá náà ni wọ́n sì gbé wá.

Akọ̀wé Àdúgbò

Èmi bá wọn rìn nígbà tí wọ́n ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí ará ìlú máa ń bínú pé "wọ́n fi ń jẹun ni." Abala F òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ni irú ẹgbẹ́ yìí wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé orúkọ àwọn alábòójútó sínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè sọ ọ́. Owó ẹgbẹ́ kò ṣe é pín láàárín ara wọn bí èrè. Lọ́dọọdún, láàárín ìparí oṣù kẹfà àti ìparí oṣù kejìlá, wọ́n ní ìròyìn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́.

Nígbà tí a ń mú orúkọ alábòójútó, àwọn kan dábàá ọmọkùnrin Àlàájà, ọmọ tó kàwé dáadáa. Àlàájà ní rárá. Wọ́n ní bí owó bá wà lọ́wọ́ ìyá, tí ọmọ tún wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ta ló máa bi ìyá léèrè? Ẹnu yà mí. Òfin ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

A ń gbọ́ ti Abisoye Ajayi-Akinfolarin tí CNN fi sára àwọn akọni wọn ní 2018 nítorí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ní kóòdù, a ń gbọ́ ti Paradigm Initiative tó ti ń ṣe tiwọn bọ̀ láti 2007. Ó tọ́ ká gbọ́ wọn. Mo kàn fẹ́ kí ará Ẹ̀pẹ́ mọ àwọn mẹ́ta tiwa yìí náà, kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bátìrì sólà yẹn ti ń gbó.

Ìyá Ẹlẹ́wà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn ló ń fa wàhálà, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń san owó fún ọmọ káfé kó bá wọn wò ó. Ṣé wọ́n ń gba bàbá àgbà, àbí àwa ìyá ọjà nìkan?

Ọmọ Òkè-Balógun

Wọ́n ń gbà wọ́n, Ìyá Ẹlẹ́wà. Ọjọ́rú lẹ́yìn ìrun Àsárì ni ti àwọn àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí Bàbá mú fóònù wọn, gíláàsì wọn àti ìwé kékeré kan tí wọ́n lè kọ nǹkan sí. Kí wọ́n béèrè Màmá HM. Ẹ má tẹ̀ lé wọn wọlé o, Màmá HM á ní kí ẹ dúró síta, kí ẹ má bàa máa bá wọn tẹ̀ ẹ́.