Amọ̀ ń dí táyà kẹ̀kẹ́ oníná onítáyà kan pa

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ oníná onítáyà kan nínú igbó, ẹ gbà mí. Amọ̀ pupa Georgia ní Amẹ́ríkà níbí ni ìṣòro mi. Ẹrẹ̀ lásán kò ṣe kẹ̀kẹ́ mi ní nǹkan kan. Táyà eléyín gàǹgà ni, atẹ́gùn rẹ̀ 18 psi. Kó tó rin 200 mítà, amọ̀ tó ń lẹ̀ bí oje ti kún àárín táyà àti ìdérí tó bò ó (àlàfo ibẹ̀ kò ju ìka kan lọ), mọ́tò á máa kérora, á gbóná, kẹ̀kẹ́ á ké pí-pí-pí, á gbé imú ibi ìtẹsẹ̀ sókè kí n lè dẹ eré.

Mo ti dín atẹ́gùn kù sí 14, mo yọ mọ́gádì, mo fín sílíkóònù sínú ìdérí. Pàbó ni.

Ṣé kí n gé eyín ẹ̀gbẹ́ táyà ni, àbí kí n ra èyí tó tín-ín-rín? Èwo ni kò ní jẹ́ kó máa yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?